Tọ́ọ̀ntébù owó pọ́ọ́kú: abẹ́rẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ́ ẹ gbé jáde ni mo fẹ́ dá sí, èyí tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù jọ, owó ọwọ́ òun ò pọ̀, irú tọ́ọ̀ntébù (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo) wo lòun lè rà. Ìbéèrè tó dáa gan-an ni. Ìdáhùn tí òǹkàwé yín kan fún un ló gbé mi dìde ńlẹ̀, ó ní kó lọ ra èyí tó rí bí àpótí ìfàlọ́wọ́ yẹn, tó ti ní sípíkà nínú, tó ní Bluetooth, tó ń gba USB, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àwo ló ń kọrin kì í ṣe ẹ̀rọ. Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mi ò bá a jà lórí ọ̀rọ̀ owó. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, kò sì yẹ ká ní kó lọ jẹ gbèsè torí àwo. Ohun tí mò ń sọ ò ju ẹyọ kan lọ: tówó ò bá pọ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń fara kan àwo ni kówó yẹn kọ́kọ́ lọ, kí gbogbo ìyókù dúró ná, Bluetooth o, iná aláràbarà o, ìdérí tó ń dán o, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ṣé ẹ rí i, poro tó wà lójú àwo yẹn, inú ẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ ń gbà, ó ń fara nu ògiri ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bó ṣe ń lọ, àti láti 1958 tí àwo stereo ti wọ ọjà, ògiri kan ló gbé ohùn ọ̀tún, èkejì gbé ti òsì. Abẹ́rẹ́ le ju àwo lọ fíìfíì. Torí náà bó ṣe wúwo tó lórí àwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú àwọn tọ́ọ̀ntébù oníàpótí yẹn, kátíríìjì sẹ̀rámíìkì (kátíríìjì ni ohun kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú, tó ń sọ gbígbọ̀n ẹ̀ di iná mànàmáná) ló sábà máa ń wà níbẹ̀, á tẹ àwo tó gíráàmù 5, òmíràn á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kátíríìjì onímágínẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n máa ń kọ MM sí lára páálí ẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 2 ló ń fẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò jáde láàárín 1.5 sí 2.5. Ẹ tún wá fi sí i pé abẹ́rẹ́ sàfáyà ló pọ̀ nínú àwọn oníàpótí yẹn, sàfáyà sì ń tètè jẹ ju dáyámọ́ǹdì lọ. Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ, tó tún wúwo, tí wọ́n wá gbé sórí àwo tó mọ́ tónítóní, bí ìgbà téèyàn bá wọ bàtà onírin gba orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ kọjá ni.

Àwo ò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fìyẹn dẹ́rù bà yín, tẹ́ ẹ bá gbé e sí i lẹ́ẹ̀kan nílé ọ̀rẹ́ yín kò sí nǹkan kan. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà, òun ló máa jìyà ẹ̀. Ohùn tó wà lókè téńté ló máa kọ́kọ́ lọ, bíi ti síńbàlì, àti gbogbo ibi tí akọrin bá ti pe "s", á wá máa ha létí. Tẹ́ ẹ bá wá lówó lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tó dáa lẹ́yìn ìgbà yẹn ńkọ́? Ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ sínú poro, ẹ̀rọ tuntun á kàn jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ kedere sí i ni.

Nítorí náà tí ọmọ yẹn bá dé ìdí ẹ̀rọ, kó bi àwọn tó ń tà á ní ìbéèrè méjì péré kó tó bèèrè ohunkóhun mìíràn. Ṣé kátíríìjì MM ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣì ń ta abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀? Ṣé ìwúwo tó ṣeé yí wà lẹ́yìn apá ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó gbé kátíríìjì dání? Irin roboto kan báyìí tó máa ń wà ní ìdí apá, òun ni wọ́n ń yí títí apá á fi léfòó láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, wọ́n á dá nọ́ńbà iwájú ẹ̀ padà sí òdo, wọ́n á wá yí gbogbo ẹ̀ dé iye gíráàmù tí àwọn tó ṣe kátíríìjì náà kọ sínú ìwé ẹ̀. Kò le. Kò sì yẹ kéèyàn máa dín in kù ju ohun tí wọ́n kọ lọ torí kó má ba àwo jẹ́ o, àṣejù nìyẹn náà, abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù á máa ta gìrì nínú poro ni, ó sì ń ba àwo jẹ́ ju èyí tó wúwo díẹ̀ lọ.

Àwọn kan á sọ pé owó tọ́ọ̀ntébù tó ní irú apá bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó dáa, ẹ wo Audio-Technica AT-LP60X. Kò sí ìwúwo kankan lẹ́yìn apá ẹ̀ tẹ́ ẹ lè yí, iléeṣẹ́ ni wọ́n ti bá yín ṣe é sí nǹkan bíi gíráàmù 3, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì ó máa gbé apá fúnra ẹ̀, ó máa gbé e kalẹ̀, tí àwo bá parí á dá a padà. Àmọ́ MM ni kátíríìjì ẹ̀, dáyámọ́ǹdì ni abẹ́rẹ́ ẹ̀, ó sì ṣeé yọ kéèyàn fi tuntun sí i. Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkankan, tó kàn fẹ́ gbọ́ orin, èyí ló yẹ kí òǹkàwé yín dárúkọ fún un dípò àpótí. Tówó bá wá gòkè díẹ̀, AT-LP120X ní apá tó ṣeé yí, orí apá ẹ̀ ń yọ, kátíríìjì mìíràn sì lè wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Rega Planar 1 náà dáa, mo kan sáárá sí apá ẹ̀, ìyẹn kan kò rọrùn bẹ́ẹ̀ ṣá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò ní 33 bọ́ sí 45 (iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ẹ máa ṣí pèpéle tí àwo ń jókòó lé kẹ́ ẹ fi ọwọ́ sún bẹ́líìtì tí mọ́tò fi ń yí i. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú jù lọ ni ti phono, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ohùn tó ń jáde látinú kátíríìjì MM kéré gan-an, bíi millivolt 3 sí 5. Yàtọ̀ síyẹn, nígbà tí wọ́n ń gé àwo, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù wọ́n sì fi kún ohùn òkè, torí tí wọ́n bá gbé ohùn ìsàlẹ̀ sórí àwo bó ṣe wà, poro á gbòòrò jù, orin tó máa gba ojú àwo kan á kéré. Láti 1954 ni iléeṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò sórí bí wọ́n á ṣe máa ṣe é, òun ni wọ́n ń pè ní RIAA. Ẹ̀rọ phono preamp ló máa ń dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ, òun ló sì ń gbé ohùn yẹn sókè kó tó dé ámípù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára. Àwọn tọ́ọ̀ntébù kan ti ní in nínú, wọ́n máa fi bọ́tìnì kékeré kan sẹ́yìn tẹ́ ẹ lè fi tàn án tàbí pa á, AT-LP60X ní in, Planar 1 ò ní in. Ámípù àtijọ́ náà sábà máa ń ní ojú ihò tí wọ́n kọ PHONO sí. Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ nílò o! Tẹ́ ẹ bá so tọ́ọ̀ntébù mọ́ AUX, ihò tó wà fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn, láìsí preamp, ohùn á tín-ín-rín, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo, tẹ́ ẹ bá sì tan ti inú tọ́ọ̀ntébù tẹ́ ẹ tún so ó mọ́ PHONO, á pariwo á sì fọ́ yángá. Èèyàn melòó ló ti dá ẹ̀rọ padà pé kò dáa nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnì yẹn ni wọn ò yí. Kí ọmọ náà ka owó preamp mọ́ owó tọ́ọ̀ntébù kó tó fi iye wọn wéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tó dà bíi pé kò wọ́n á wá wọ́n ju èkejì lọ.

Ti bẹ́líìtì àbí èyí tí mọ́tò ń yí tààrà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Technics SL-1200 tó jáde ní 1972 ló jẹ́ kí àwọn DJ fẹ́ràn èyí tí mọ́tò ń yí tààrà, torí ó ń tètè gbéra, ẹni tí kì í ṣe DJ ò nílò ìyẹn nílé. Bẹ́líìtì máa ń rọ̀ tó bá pẹ́, ẹ ra òmíràn, ó tán.

Tokunbọ̀ ńkọ́? Mo fara mọ́ ọn dáadáa, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1985 lágbára ju tuntun owó pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n kó má rà á láìgbọ́ ọ. Kó gbé apá ẹ̀ sókè díẹ̀ kó rìn ín síwá sẹ́yìn, tó bá ń há níbì kankan, kó gbà á pé ẹrù ẹlòmíì ni. Kó gbé àwo tó mọ orin inú ẹ̀ dáadáa sí i, tí ohùn dùùrù tó ń fà gùn bá ń mì lọ́nà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, eré ẹ̀ ò dúró sójú kan, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì, ó sì lè jẹ́ mọ́tò fúnra ẹ̀. Tó bá ń kùn ùùù, kó wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n ti so wáyà ilẹ̀ mọ́ ámípù kó tó máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Kó sì gbà pé abẹ́rẹ́ tó bá níbẹ̀ ti kú, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ, kó ka owó abẹ́rẹ́ tuntun mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ǹdì pàápàá, wákàtí 300 sí 1000 ni àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ, ó kù sọ́wọ́ irú ẹ̀, ta ló wá mọ iye tí olówó àkọ́kọ́ ti lò níbẹ̀?

Ohun kan tún wà nípa sípíkà inú àpótí yẹn. Abẹ́rẹ́ kì í mọ̀ ọ́n yàtọ̀, gbogbo gbígbọ̀n tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń sọ di ohùn, sípíkà tó wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ẹ̀ á máa mú un gbọ̀n, ohùn á tún padà wọ inú ohùn. Ìdí nìyẹn tí sípíkà fi gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan mìíràn, kì í ṣe orí tábìlì kan náà. Bluetooth ò burú, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ ra tọ́ọ̀ntébù.

Olóòtú, ẹ bá mi bi ọmọ náà léèrè ohun kan tí kò sọ nínú lẹ́tà ẹ̀: ṣé àwo 78, èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, wà nínú èyí tó kó jọ? Àwọn tó wà ṣáájú LP, àwo 33 tí iléeṣẹ́ Columbia gbé jáde ní 1948, ni mò ń sọ, àwọn tó wúwo tó sì máa ń fọ́ bí wọ́n bá já bọ́. Poro tiwọn fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP, abẹ́rẹ́ LP á já sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí, abẹ́rẹ́ tiwọn náà ò sì gbọdọ̀ kan LP. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, kó fi Planar 1 àti AT-LP60X sílẹ̀, 33 àti 45 nìkan ni wọ́n mọ̀, AT-LP120X ní 78, àmọ́ ó máa ra abẹ́rẹ́ kejì sí i. Tí kò bá sí 78 kankan, kó má fi kọ́bọ̀ kan lé owó torí ẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń kó àwo jọ