Toyota ló ń gba ìyìn ní Jámánì, Mercedes ló ń gba owó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú àforítì. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun kò mọ ìdí tí àwa Yorùbá fi gbé Toyota gẹ̀gẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará Jámánì, tí wọ́n mọ ọkọ̀ ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, kò jẹ́ fi ìdí kan ìjókòó ọkọ̀ Japan, nítorí pé wọ́n mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbàrọgùdù. Ó tún ní àìlówó lọ́wọ́ ló sọ Corolla di ọba lójú wa. Láti ọdún 2004 ni mo ti ń gbé ní Stuttgart, ní àdúgbò tí kò jìnnà sí Untertürkheim tí ilé iṣẹ́ Mercedes wà, ohun tí ojú mi sì ń rí níbí kò bá ohun tó kọ mu.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé aládùúgbò mi. Bàbá náà ṣiṣẹ́ ní Mercedes títí ó fi fẹ̀yìntì, ọkọ̀ onírawọ̀ ló sì ń wà. Toyota Yaris kékeré kan tó ti pé ọdún mẹ́rìnlá ni ìyàwó rẹ̀ ń wà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sọ́jà, tàbí tí wọ́n fẹ́ lọ mú ọmọ-ọmọ wọn nílé ìwé, Yaris ni wọ́n ń gbé. Bó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìrìn àjò lọ sí Ítálì, onírawọ̀ ló máa jáde. Mo bi bàbá náà lọ́jọ́ kan pé èwo ló dára jù nínú méjèèjì. Kò dá mi lóhùn. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n gbé wọn sí, ó ṣí ilẹ̀kùn Mercedes, ó tì í: gbì. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Yaris, ó ṣí i, ó tì í: pàkà. Ó wá wo ojú mi bí adájọ́ tó ti dá ẹjọ́ tán, ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?" Ìyàwó rẹ̀ tó yọjú lójú fèrèsé ló fèsì pé ilẹ̀kùn kọ́ ni òun ń wà.

Bàbá yìí kò ṣàwàdà o. Àwọn oníròyìn ọkọ̀ níbí máa ń fi ìka kan inú ọkọ̀ gbàgbà, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń tẹ mángòrò lọ́jà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ike rẹ̀ rọ̀ tàbí ó le. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ike líle bú ọkọ̀ Japan. Wọ́n tún ń ráhùn pé bí èèyàn bá tẹ Toyota tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á kọ́kọ́ ké tantan kí ọkọ̀ tó sáré bá igbe náà, bíi rọ́bà tí wọ́n fà tí kò tíì padà. Ìwé ìròyìn ọkọ̀ auto motor und sport, tí ó jẹ́ ti Stuttgart níbí, máa ń ní kí àwọn òǹkàwé dìbò yan ọkọ̀ tó dára jù lọ́dọọdún, àtẹ méjì ni wọ́n sì ń ṣe fún oríṣi kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún gbogbo ọkọ̀, èkejì fún ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní ọ̀tọ̀ fún àlejò kò sọ pé àlejò burú, ṣùgbọ́n ó ti sọ ẹni tó nilé.

Bó bá kan ọkọ̀ tí kì í já èèyàn kulẹ̀, n kò tíì rí ará Jámánì tó bá mi jiyàn lórí Toyota. Ẹgbẹ́ awakọ̀ kan wà níbí tó ń jẹ́ ADAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 20. Àwọn ló ń fi ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè wá bá ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákú sójú ọ̀nà, láti 1978 ni wọ́n sì ti ń tẹ irú ọkọ̀ tó ń dákú jù àti èyí tí kì í dákú jáde fún aráyé. Àwọn ilé àyẹ̀wò bíi TÜV náà wà, tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yọjú sí lọ́dún méjìméjì kí wọ́n yẹ búréèkì, iná àti abẹ́ rẹ̀ wò. Ó pẹ́ tí orúkọ Toyota, Mazda àti Honda ti ń hàn dáadáa nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ará Jámánì sì jẹ́ ẹni tó ń ka ìwé kó tó náwó.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, "abọ́ ìrẹsì" ni wọ́n ń pe ọkọ̀ Japan, àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ bí bíà bá ti wọra díẹ̀. Ẹ̀gàn náà ní ìdí. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, kí omi má baà dì sílẹ̀, máa ń jẹ irin, àwọn ọkọ̀ Japan ìgbà náà kì í sì í pẹ́ dípẹtà. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di 1980, nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n ń rà ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì, nǹkan bí ọ̀kan jẹ́ ti Japan. Ilẹ̀ Faransé kò jẹ́ kó kọjá nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ́dọ̀ tiwọn. Jámánì kò ti ilẹ̀kùn, nítorí pé àwọn náà ní ọkọ̀ tí wọ́n ń tà kiri ayé. Ó sì ní ìgbà kan tí ọ̀rọ̀ ìpẹtà yí padà bọ̀ wá bá onílé: Mercedes tí wọ́n ń pè ní W210, tó jáde ní 1995, lókìkí títí dòní fún ìpẹtà láàárín àwọn tó mọ ọkọ̀ níbí. Lónìí, bí ẹ bá dé ìdúró takisí, ẹ ó rí Toyota láàárín àwọn Mercedes, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọ̀ eyín erin kan náà.

Mo gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn àwọn onírawọ̀ lórí ohun kan, ìyẹn òpópónà márosẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Autobahn. Ní apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sí gbèdéke eré. Ìmọ̀ràn lásán ni 130 kìlómítà ní wákàtí kan tí ìjọba ń dá. Mo ti jókòó ti bàbá aládùúgbò mi nígbà tó ń sá eré 210 lójú ọ̀nà Munich, tí àwa méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ láìgbé ohùn sókè. Irú eré yẹn ni àwọn tó ya ọkọ̀ náà sórí bébà ní lọ́kàn, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan ń ṣe ọkọ̀ fún ìlú tí òfin fi ọ̀pọ̀ ọdún fi 100 ṣe òpin eré lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó bá ní Yaris lè bá a dé ibẹ̀ kan náà kò parọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á gbọ́ ariwo. Àmọ́, ẹ bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ni bàbá náà ń sá 210. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tó wà ní Stuttgart kò gba ẹnikẹ́ni láyè.

Ohun tí lẹ́tà yẹn fò dá pátápátá ni ẹni tó ń sanwó. Nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́ta tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì lóde òní, nǹkan bíi méjì ló ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tàbí ti oníṣòwò. Kì í ṣe ti ẹni tó tú àpò ara rẹ̀. Ọ̀gá tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá fún ní BMW tàbí Audi, tí ó sì ń fi í jáde fúnra rẹ̀, ìdá 1 nínú 100 iye ọkọ̀ náà ni ìjọba máa ń kà mọ́ owó oṣù rẹ̀ lóṣooṣù kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 60,000 yúrò, 600 yúrò ni wọ́n máa kà kún un lóṣù, owó orí rẹ̀ nìkan ló sì máa san. Ilé iṣẹ́ ló gbé ìyókù. Bí wọ́n bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú èyí tó wù ú, ta ni yóò tọ́ka sí Corolla? Ní Stuttgart níbí, àwọn òṣìṣẹ́ Mercedes tún lè ra ọkọ̀ ní ẹ̀dínwó, kí wọ́n lò ó fún bí ọdún kan, kí wọ́n sì tà á. "Ọkọ̀ ọlọ́dún kan" ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà yẹn náà ni bàbá aládùúgbò mi gbà ra tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tí kò ní ẹ̀dínwó kankan fi owó ara rẹ̀ ra Yaris.

Bó bá ṣe pé dídára nìkan ni wọ́n ń wò ni, Lexus ì bá ti kún títì níbí. Láti 1989 tí Toyota ti gbé Lexus LS 400 jáde, tó sì gba oníbàárà lọ́wọ́ Mercedes ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ péré ni Lexus tí wọ́n ń tà ní Jámánì lọ́dún. Èèyàn lè ka mẹ́wàá ní Lẹ́kì láàárọ̀ kan. Mo lè lo oṣù kan níbí kí n má fojú kan ẹyọ kan. Infiniti, tí ó jẹ́ ti Nissan, kò rí ọjà tà rárá, ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ní 2020. Mo bi bàbá náà nípa Lexus. Ó ní ọkọ̀ dáadáa ni, ẹ̀bi kankan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ bàbá tó bí i. Ọmọ orílẹ̀-èdè tí Carl Benz, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára Mercedes-Benz, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ (patent) fún ọkọ̀ rẹ̀ ní 1886 ló ń sọ̀rọ̀, n kò sì bá a jà.

Kí a má sì tètè gba ìbò gbọ́, bó ti wù kó rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ADAC kan náà tí mo yìn lókè yìí fi Golf, ọkọ̀ Volkswagen (VW), ṣe ọkọ̀ tí àwọn ará Jámánì fẹ́ràn jù, wọ́n ní 34,299 èèyàn ló dìbò fún un. Àṣírí tú pé 3,409 ni. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọ́n tún ti yí ipò àwọn ọkọ̀ kan padà, ààrẹ ẹgbẹ́ náà sì fipò sílẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù kẹsàn-án 2015, tí àṣírí tú pé VW ń fi ètò kọ̀ǹpútà tan àwọn tó ń yẹ èéfín ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò, ohùn àwọn tó ń fi ojúlówó yangàn níbí lọ sílẹ̀ gan-an.

Àwọn tó ń ra àlòkù fún ilẹ̀ Áfíríkà máa ń ki káàdì kékeré bọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ọkọ̀ ní àdúgbò wa, Yaris ìyàwó bàbá yìí ni wọ́n sì ń kí jù. Ó ń fi àwọn káàdì náà sàmì sínú ìwé tó ń kà. Ọjọ́ kan á jàjà tà á, ọkọ̀ náà á sì dé etí òkun. Mo rọ òǹkọ̀wé yẹn pé kó wo gíláàsì iwájú àwọn tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọ Èkó. Bó bá rí bébà róbótó aláwọ̀ ewé ní ìsàlẹ̀ igun rẹ̀, tí wọ́n kọ 4 gàdàgbà sí, àmì ìyọ̀ǹda láti wọ àárín àwọn ìlú ńlá kan ní Jámánì ni, láti 2008. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí abẹ́ 4 yẹn: bó bá jẹ́ S nìkan ló ṣáájú, Stuttgart ló ti wá, HH ni Hamburg, K ni Köln. Àwọn ará Jámánì tí kò jẹ́ fi ìdí kan ìjókòó ọkọ̀ Japan ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Stuttgart, Jámánì