Sí Ìyá Ìbejì, Lórí Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé àti Ìwé Kíkọ

Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Bàbá wọn ńkọ́? Lẹ́tà rẹ dé, mo sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ọ́. Kẹ́hìndé fẹ́ pa ẹ̀kọ́ dókítà tì ní ọdún kẹta, ó ní ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lòun fẹ́ máa kọ jẹun, ó sì ń fi Tade Thompson ṣe ẹ̀rí pé ọmọ Yorùbá kan ṣe é, ó gba àmì-ẹ̀yẹ. O ní kí n bá ọ bá a wí. Níhìn-ín tí agboolé kọ̀ọ̀kan ti ń ka ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìka, mo mọ ohun tí àwọn ẹbí máa sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé dókítà kan fẹ́ sọnù. Ṣùgbọ́n n kò ní bá a wí. N óò kọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí sílẹ̀, kí ẹ jọ kà á. Ẹni tó ń tọ́ka sí yẹn gan-an, dókítà ni.

Àrùn ọpọlọ ló ń tọ́jú. London ni wọ́n bí i sí, ó tó ọmọ ọdún méje nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sílé, Nàìjíríà ló sì ti kọ́ ìṣègùn kó tó padà ní 1998. Making Wolf, nọ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àkọ́kọ́, jáde ní 2015. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín. Rosewater tó wá gbé orúkọ rẹ̀ ga, ilé iṣẹ́ ìwé kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Apex, ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 2016. Ní 2017 ó gba Nommo, àmì-ẹ̀yẹ tó wà fún irú ìtàn yìí láti ọwọ́ àwa ọmọ Áfíríkà. Orbit, ilé ìtẹ̀wé mìíràn, tún un tẹ̀ ní 2018, ìgbà yẹn ló tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2019 ló wá gba Arthur C. Clarke Award, àmì-ẹ̀yẹ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí Kẹ́hìndé má fojú fo àwọn ọdún yẹn. Clarke kì í wo ìgbà tí wọ́n kọ ìwé. Ìgbà tó kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wò, ìdí nìyẹn tí ìwé 2016 fi lè gba ẹ̀bùn 2019. Èló sì ni owó rẹ̀? Láti 2001, iye ọdún ni iye owó: ọdún 2019, pọ́n-ùn 2,019. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé níbẹ̀, ẹ ṣírò oṣù mélòó ni ìyẹn máa gbé.

Iṣẹ́ dókítà yẹn sì wà nínú ìwé náà. Ọdún 2066 ni ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀, ní ìlú kan ní Nàìjíríà tó hù yí ohun àjèjì kan tó ti ojú ọ̀run wá ká. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń ṣí, tí àwọn aláìsàn á rọ́ wá gba ìwòsàn. Ohun tó jẹ́ kí Kaaro, olórí ẹ̀dá ìtàn náà, máa gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn kì í ṣe oògùn, kì í ṣe àjẹ́. Nǹkan wíńníwínní ìran olú ló kún inú afẹ́fẹ́, tó bà sára gbogbo èèyàn, tó sì so ọpọlọ wọn pọ̀. Bí Kaaro bá fẹ́ kí etí òun sinmi, ìpara tí wọ́n fi ń pa làpálàpá ló máa ń fi pa ara. Wò ó ná! Irú èyí tí àwọn oníkẹ́mísì ń tà lọ́jà Ọba níbí. Ohun tuntun kan ni Thompson dá sílẹ̀, ó sì bá òfin rẹ̀ lọ: bó bá jẹ́ ìran olú ni, bíi ti làpálàpá, ohun tó ń pa ìran olú gbọ́dọ̀ pa á. Ẹni tó ti kọ oògùn làpálàpá fún aláìsàn rí ni irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń sọ sí lọ́kàn.

Ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á da gbogbo àlàyé ayé tuntun sójú ewé àkọ́kọ́. Ọmọ Èkìtì ni Kẹ́hìndé, ó mọ iyán oníkókó. Iṣu náà kò burú, wọn ò gún un kúnná ni. Orúkọ Rosewater, omi òdòdó olóòórùn dídùn, ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí èèyàn kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀, òórùn ibẹ̀ kò ṣeé fi imú gbà. Orúkọ kan ti sọ bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀, kò gba ojú ewé mẹ́ta.

Bó bá ṣì ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn rárá, kó wo Octavia Butler, obìnrin adúláwọ̀ ará Pasadena ní Amẹ́ríkà. Ní 1970 ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Clarion, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ta ìtàn méjì. Lẹ́yìn náà, ọdún márùn-ún gbáko ni kò rí ọ̀kan tà. Ọ̀kan nínú méjì tó tà yẹn, Childfinder, kò jáde títí ó fi kú ní 2006. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde. Ó fọ abọ́, ó ṣàyẹ̀wò ìpékeré ọ̀dùnkún nílé iṣẹ́, ó ń polówó ọjà lórí fóònù, aago méjì òru ló sì ń jí kọ̀wé. Ìwé àkọ́kọ́, 1976. Àmì-ẹ̀yẹ Hugo àkọ́kọ́, 1984. Owó tó jọ owó, $295,000 ẹ̀bùn àjọ MacArthur, 1995.

Ìṣirò wá kù. Ní Hugo àti Nebula, àmì-ẹ̀yẹ ńlá méjì fún irú ìtàn yìí, iye ọ̀rọ̀ ló ń pín ìtàn. Èyí tí kò tó 7,500 ni ìtàn kúkúrú, 7,500 dé 17,499 ni wọ́n ń pè ní novelette, 17,500 dé 39,999 ni novella, 40,000 sókè ni nọ́fẹ́ẹ̀lì. Ìtàn 12,000 ọ̀rọ̀ nira láti tà, torí ọ̀pọ̀ mágásíìnì kò ní àyè fún un, kò sì tó ìwé. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 3,000 sí 5,000. Owó tí SFWA, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé náà ní Amẹ́ríkà, kà sí owó ẹni tó mọṣẹ́ ní 2019 ni sẹ́ńtì mẹ́jọ lórí ọ̀rọ̀ kan, ní iye yẹn 4,000 ọ̀rọ̀ á mú $320 wá. Lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé ìtàn lọ sọ́dọ̀ olóòtú kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́ta lọ: àkọlé, iye ọ̀rọ̀, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde rí. Ọ̀pọ̀ olóòtú kò fẹ́ kí ìtàn kan wà lọ́wọ́ èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó ka òfin wọn. Bí wọ́n bá dá a padà láìsọ ìdí, kó má tún un kọ, kó fi ránṣẹ́ síbòmíràn lọ́jọ́ yẹn. Kó má sì jẹ́ kí AI bá a kọ ọ́. Ní oṣù kejì 2023, ìtàn tí AI kọ ya bo mágásíìnì Clarkesworld débi pé wọ́n tilẹ̀kùn ìgbàwé fúngbà díẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé tó bá ní kó mú owó wá kí wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀, kó sá. Aṣojú òǹkọ̀wé máa ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá ti wọlé, kì í gbà á ṣáájú. Owó àsansílẹ̀ tí ilé ìtẹ̀wé ń san kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan: díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí àdéhùn, díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pé, ìyókù nígbà tí ìwé bá jáde. Kó wá ibi tí àdéhùn ti sọ ìgbà tí ẹ̀tọ́ ìwé máa padà sọ́wọ́ rẹ̀, kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé tí kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kò lè rìn bí Rosewater ṣe rìn.

Èrò tèmi: kó jókòó ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó máa kọ 300 ọ̀rọ̀ lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, 4,200 nìyẹn, ìtàn kan ti pé. Kó fi èyí tó ti kọ ránṣẹ́ sí mi, kó kọ iye ọ̀rọ̀ sókè lápá ọ̀tún ojú ewé àkọ́kọ́, kó sì fàyè sáàárín ìlà kí n ríbi fi bírò sí.

Bá mi kí Táyé. Èlùbọ́ rẹ ti wà nínú àpò, ẹni tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ló máa gbé e.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ.