Àṣàkẹ́, ẹ má tíì sanwó fún ọmọ yẹn

Bódìjà, Ìbàdàn

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níbí, àfi òjò tí kò jẹ́ ká rímú mí.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí o ní ọmọkùnrin kan wá bá kọ́mítì yín, pé kí ẹ san dọ́là rẹpẹtẹ, òun á fi big data (ìsọfúnni rẹpẹtẹ tí kọ̀ǹpútà ń tú wò) wá èèyàn tó máa wá sí àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Amẹ́ríkà. O ní kí n dá sí i torí pé ètò àpéjọ ni iṣẹ́ mi. Ó dáa: ẹ má tíì sanwó. Kì í ṣe pé irọ́ ló ń pa o. Ohun tó ń tà wúlò fún ẹni tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin mọ àwọn èèyàn yín.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ní fóòmù àtẹ̀yìnwá, ẹ ní ọjọ́ tí kálukú sanwó, ẹ ní orúkọ àwọn tó gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ra aṣọ ẹbí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel kan ṣoṣo, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kan kò di èèyàn mẹ́ta torí pé ó kọ orúkọ ọkọ lọ́dún kan, ó kọ ti bàbá rẹ̀ lọ́dún kejì. Iṣẹ́ yìí ló máa gbà yín lákòókò jù, òun sì ni àwọn tó ń polówó big data kì í dárúkọ. Tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ óò rí i pé ọ̀tọ̀ lẹni tó ní òun ń bọ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tó wá. Ẹni tó ti san owó aṣọ ẹbí, ó fẹ́ wá. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ó ń bọ̀. Ẹni tó kàn nàka sókè nínú WhatsApp, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọ̀dọ̀ òtẹ́ẹ̀lì lọ̀rọ̀ yìí ti ń di owó. O ti rí irú àdéhùn wọn: wọ́n á mú yàrá sílẹ̀ fún yín, tí àwọn èèyàn yín kò bá gba tó iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ̀yin lẹ máa san àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ. Iye orí tí ẹ bá fún wọn lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú ni ẹ máa sanwó fún, wọn ì báà wá, wọn ì báà má wá. Torí náà, ẹ wo ọdún bíi mẹ́ta sẹ́yìn: èèyàn mélòó ló ti sanwó nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mélòó nígbà tó ku mẹ́rin, mélòó ló wá dé? Àwọn tiwa kì í tètè forúkọ sílẹ̀, o mọ̀. Àjèjì tó bá rí iye ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á ní kí ẹ gba gbọ̀ngàn kékeré. Ti mo-gbọ́-mo-yà tún wà níbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ ọmọ yẹn, fóòmù kan, èèyàn kan, àga kan ni. Ìyá kan á forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nìkan, á wá kó ọmọ méjì, àbúrò ọkọ, àti màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú dé wọlé. (Ẹ máa ka àwo tí wọ́n fi jẹun o. Àwo kì í parọ́ bíi fóòmù.)

Ibi tí mo ti gbà pé big data lè gbè yín ni ìlú tí ẹ máa lò lọ́dún tó ń bọ̀, Houston, Atlanta àbí Chicago, ọ̀fẹ́ sì ni. Lọ́dọọdún ni American Community Survey, ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe nípa àwọn aráàlú, ń béèrè èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Nínú ọ̀pọ̀ àtẹ wọn, wọ́n da Yorùbá pọ̀ mọ́ Igbo àti Twi, àmọ́ ó tó láti fi mọ ibi tí àwọn ará wa pọ̀ sí. Bureau of Transportation Statistics, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ka ọ̀rọ̀ ìrìnnà, náà ń gbé ìpíndọ́gba owó ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wo pápákọ̀ òfurufú tó sún mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣírò ohun tí gbogbo wọn máa ná dé ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìjà ìlú ta ni ká lò á parí. Àbí kó má parí, a kúkú mọ ara wa.

Tó bá jẹ́ Houston, ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó mú déètì. 1 June sí 30 November ni àsìkò ìjì líle lórí Atlantic, àárín August sí àárín October ni ìjì sì máa ń pọ̀ jù. Lọ́dún 2017 tí ìjì Harvey jà, ibùsùn àwọn tí omi lé kúrò nílé ni George R. Brown Convention Center, gbọ̀ngàn àpéjọ ńlá ní Houston, dà. Ti ìjì Beryl ní July 2024, ìwọ lo pè mí nínú òkùnkùn, n kò ní sọ ọ́ fún ọ.

Ní ti ìpolówó, ọmọ yẹn máa ní kí ẹ kó nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wá, kí Facebook fi wá àwọn tó jọ wọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti rí i. Àmọ́ torí owó ẹgbẹ́, ìsìnkú àti ìkómọ ni wọ́n ṣe fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ wọn ná. Lójú tèmi, àwọn tó ti wá rí tí wọn kò wá mọ́ ni kí ẹ dojú kọ. Kí ẹni tí wọ́n jọ jókòó nígbà yẹn fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì, ẹ fi kọ̀ọ̀kan dán àwọn díẹ̀ wò, kí ẹ wo èyí tó mú owó wọlé. Ẹ má ka like.

Tó bá ní kí ẹ fi kámẹ́rà tó ń dá ojú mọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbà á rárá, pàápàá ní Chicago. Láti 2008 ni òfin Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, ti ní kí èèyàn fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó gba àwòrán ìrísí ojú rẹ̀. Mílíọ̀nù 650 dọ́là ni Facebook fi parí ẹjọ́ tirẹ̀. Kí ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi san?

Fi àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé. Yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò, fi 1, 2, 3 rọ́pò wọn, èmi àti àwọn ọmọ ọ́fíìsì mi á jókòó tì í. Kí o sì sọ ẹni tó máa se oúnjẹ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹni èṣín ni, mo ní ọ̀rọ̀ sọ.

Èmi ni,
Àbẹ̀ní rẹ