Ẹja Kainji kò mọ ààlà Niger àti Kebbi

Sí Olóòtú,

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń gbọ́ pé kí ìjọba àpapọ̀ wá ṣòfin ẹja fún adágún Kainji. Ìwé òfin 1999 kò gbé e síbẹ̀. Ẹja òkun ló fi sí abẹ́ Abuja. Ti odò, adágún àti àbàtà inú ilẹ̀ wa, ó yọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ nìyẹn, Niger àti Kebbi ló sì jọ ni Kainji.

Bí Niger bá fòfin de àwọ̀n tí wọ́n ń wọ́ wá sí etí omi, tí Kebbi kò fòfin dè é, ẹni tó ni àwọ̀n á wa ọkọ̀ sọdá ni. Omi Kainji lè fà tó mítà mẹ́wàá láàárín ọdún kan. Tó bá ti fà, èbúté á tẹ́jú gbalasa, wọ́n á wọ́ àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ náà gba ibẹ̀, ọmọ ẹpìyà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ á bá a jáde. Nígbà iṣẹ́ àjọṣe Nàìjíríà àti Jámánì lórí ẹja Kainji (1993 sí 2001), ìpínlẹ̀ méjèèjì ni wọ́n jọ bá sọ̀rọ̀ àwọ̀n yìí.

Ẹ wo odò Columbia, láàárín Oregon àti Washington ní Amẹ́ríkà. Láti 1918 ni àdéhùn wọn ti wà: ẹnì kan nínú wọn kò gbọdọ̀ dá òfin ẹja odò náà yí padà láìjẹ́ pé èkejì gbà. Kí wọ́n tó ṣí odò fún àwọn olówò ẹja, wọ́n á jókòó ní gbangba, wọ́n á wo iye ẹja tó ti gba ìsédò (dáàmù) Bonneville kọjá (ojú fèrèsé gíláàsì ni wọ́n ti ń kà wọ́n), wọ́n á wá dá ọjọ́, wákàtí àti ojú àwọ̀n. Àṣìṣe ńlá wọn ni pé wọn kò ka àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó ti bá ìjọba ṣàdéhùn ní 1855 sí. Ilé ẹjọ́ ló pa á láṣẹ ní 1969 pé wọ́n ní ìpín tiwọn. Nítorí náà, kí a tó pe kọmíṣọ́nnà, kí a pe àwọn Sarkin Ruwa, olórí àwọn apẹja lórí omi.

Ìwọ̀n íǹṣì mẹ́ta tí wọ́n ní ojú àwọ̀n kò gbọdọ̀ kéré sí ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń wọn ẹ̀gbẹ́ ojú àwọ̀n kan ṣoṣo. Àwọ̀n tútù ni kí wọ́n mú, kí wọ́n fa kókó méjì tó dojú kọra títí yóò fi le, kí wọ́n wá wọn àárín wọn. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé íǹṣì mẹ́ta lé àwọ̀n tí wọ́n ń pè ní atalla lórí. Ẹja wẹ́wẹ́ tí kì í tóbi láéláé ni àwọ̀n yẹn ń wá; bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀, òfìfo ni yóò gbé. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú agbami, kí ó jìnnà sí koríko etí omi tí ọmọ ẹja ń sá sí.

Kí láísẹ́ǹsì apẹja ìpínlẹ̀ kan sì ṣiṣẹ́ ní èkejì. Kí àyẹ̀wò ojú àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ àwọn tó ń tà á, kó tó dé orí omi rárá: ọkọ̀ ìṣọ́ ń jẹ pẹtiróòlù, àwọ̀n tó wà ní ìdìpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kì í sá.

Àwa òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja.