Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ẹjọ́ ìpànìyàn àti ìhàlẹ̀ tó ń bá a rìn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ẹjọ́ ìpànìyàn náà lé ọ lọ́wọ́, pé ìwọ ni o máa gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, àti pé ọ̀rọ̀ burúkú ti ń wọlé sórí fóònù rẹ bí ìgbẹ́jọ́ ò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ariwo ẹnu lásán ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ ló yẹ kó pinnu pé ariwo ẹnu lásán ni, ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé sí ọ nìyẹn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, àwọn tó ń dákẹ́ pọ̀ gan-an. Wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ ọ́ síta, wọn á ní ojo ni àwọn, tàbí kí adájọ́ rò pé ńṣe ni àwọn ń wá ọ̀nà láti fa ẹjọ́ sẹ́yìn. Ìhàlẹ̀ tí a gbé pamọ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní àfi ẹni tó ṣe é.

Má rò pé ọ̀dọ̀ ẹbí olóògbé nìkan ni ó ti lè wá. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìbànújẹ́ sì lè mú ẹni pẹ̀lẹ́ sọ ohun tí kò ní sọ láyé. Àwọn àjèjì tí kò mọ olóògbé rí tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹgbẹ́ ẹni tí ò ń gbèjà náà wà, tí ẹ̀rù ń bà pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, ó lè dárúkọ àwọn. Oníbàárà rẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun sì ni a máa ń gbàgbé jù.

Bí ẹnì kan bá ń pariwo lójú gbogbo ayé pé òun á pa ọ́, tí ẹlòmíì sì rọra sọ pé òun mọ ẹnu ọ̀nà tí o máa ń gbà jáde lọ́sàn-án, ẹnì kejì yẹn ni kó kọ́kọ́ ká ọ lára. Bi ara rẹ pé: ṣé ó dárúkọ àkókò, ibi, tàbí ohun tí ó fẹ́ lò? Ṣé ó mọ ohun tí ẹni tí kò ṣọ́ ọ kò lè mọ̀? Ṣé orí fóònù ló wà tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń yọjú sí ọ́fíìsì báyìí? Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti hu ẹsẹ̀, ewu ti yàtọ̀. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ni kí o fi tó ọlọ́pàá létí. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Tí iṣẹ́ burúkú bá wọlé sórí fóònù, má fèsì, má pa á rẹ́, má sì tíì dínà mọ́ nọ́ńbà náà. Kọ́kọ́ ya àwòrán ojú fóònù lọ́nà tí nọ́ńbà tàbí orúkọ ẹni náà, ọjọ́ àti aago máa hàn. Tí ó bá jẹ́ orí ìkànnì ni, da àdírẹ́sì ojú ewé náà kọ, nítorí ẹni tó kọ ọ́ lè pa á rẹ́ láàárín wákàtí kan. Tó bá jẹ́ ìpè, jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán, má bá a jà. Bí o bá ti gbé fóònù sílẹ̀, kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an: èdè tó fi sọ ọ́, irú ohùn tó ní, ariwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ló lò. Má kọ pé “ó halẹ̀ mọ́ mi.” Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, èrò tìrẹ ni. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an ni ilé ẹjọ́ máa wò kó tó lè sọ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Tó bá jẹ́ lẹ́tà, ibi tí o bá ti mọ ohun tó jẹ́ ni kí o ti dáwọ́ dúró. Má kà á tán, má gbé e fún akọ̀wé rẹ pé kó wá wò ó. Fi í sínú àpò ìwé, má fi í sínú ọ̀rá, torí ọ̀rinrin tó máa ń há sínú ọ̀rá lè ba ìtẹ̀ka àti àmì ara ẹni tó wà lára bébà jẹ́. Fi àpò tó bá a wá náà kún un, lára gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni wọ́n máa ń rí nǹkan jù. Kí o wá kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kàn án. Ẹrù tí o kò retí, tí kò ní orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, má ṣí i rárá. Jáde kúrò nínú yàrá náà, kí o pe ọlọ́pàá.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí o máa lò fún èyí nìkan. Ọjọ́, aago, ibi, ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni tí o fi tó létí, nọ́ńbà tí ọlọ́pàá fún ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ nígbà tí o bá to mẹ́fà sórí ojú ewé kan, tí o wá rí i pé ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ ìjókòó ẹjọ́ ni mẹ́rin nínú wọn bọ́ sí, o ti ní ohun tí o lè gbé síwájú adájọ́. Nínú lẹ́tà rẹ sí ọlọ́pàá, tọ́ka sí àwọn ìlànà lórí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní Havana ní ọdún 1990. Ìlànà 17 ní àwọn aláṣẹ gbọ́dọ̀ dáàbò bo agbẹjọ́rò tí ewu wu nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà 18 ní a kò gbọdọ̀ ka agbẹjọ́rò mọ́ oníbàárà rẹ̀. Fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò àti sí akọ̀wé àgbà kóòtù.

Ó ku yàrá ìgbẹ́jọ́. Lọ wò ó kí ọjọ́ tó pé, ní ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń ní ọ̀nà mẹ́ta tí kò pàdé ara wọn: ti adájọ́ àti òṣìṣẹ́, ti ẹlẹ́wọ̀n, ti gbogbo ènìyàn. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni kí o sàmì sí. Ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè, ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Béèrè ibi tí bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì wà, ibi tó ti máa ń dún, àti ìgbà tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn. Tí kò bá sí ẹni tó mọ ìgbà náà, ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níṣojú rẹ.

Jẹ́ kí wọ́n yẹ àpò tìrẹ náà wò lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan máa ń kà á sí ìwọ̀sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 2009, ní ilé ẹjọ́ Dresden ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́jọ́ gún Marwa El-Sherbini pa nínú yàrá ìgbẹ́jọ́ níbi tó ti wá jẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó yẹ àpò wò lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ sáré lọ gbà á sílẹ̀, ọkùnrin náà gún òun náà, ọlọ́pàá tó sì sáré wọlé rò pé ọkọ yìí ni apànìyàn, ó yìnbọn lù ú. Nítorí náà, tí nǹkan bá bẹ́ sílẹ̀, kúrò níbẹ̀, dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn ohun tó lágbára, jẹ́ kí wọ́n máa rí ọwọ́ rẹ. Tábìlì onípákó kì í dá ọta ìbọn dúró.

Wo orí tábìlì rẹ. Ìgò dígí, ẹ̀rọ tí a fi ń lu ìwé, kálámù onírin, gbogbo wọn ló lè di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ọ. Ife oníwèé àti kálámù rírọ̀ ni kó wà níbẹ̀. Má jókòó sí àárín oníbàárà rẹ àti wọ́dà tó ń ṣọ́ ọ. Má yíjú ká sí wọ́dà náà nígbà gbogbo bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ń wo ojú rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù ni bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ẹni tí ò ń gbèjà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ní ọ̀pọ̀ ibi pé kí júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n pè láti jókòó gbọ́ ẹjọ́, má rí i nínú aṣọ ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹṣẹkẹ, ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1976 àti ní 2005. Ìwọ ni o máa jà fún ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ ẹ̀wù tí o gbé wá fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ṣẹkẹṣẹkẹ, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ètò ti máa ń tú. Ní Atlanta, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ọdún 2005, ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló mú Brian Nichols, ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń jẹ́jọ́, lọ pààrọ̀ aṣọ. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ti rí irin méjì tí a pọ́n nínú bàtà rẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n tì ni ìbọn ọlọ́pàá náà wà, àmọ́ ara ọlọ́pàá náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nichols lu ọlọ́pàá náà, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì mú ìbọn. Kámẹ́rà rí gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ojú kámẹ́rà. Ó wọ yàrá ìgbẹ́jọ́ lọ, ó pa adájọ́ Rowland Barnes àti ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ẹjọ́, kó tó pa ọlọ́pàá míì níta. Nítorí náà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wọ́dà: ènìyàn mélòó ló máa wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń tú u? Kò gbọdọ̀ dín ní méjì. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé ẹni tó ń fọwọ́ kàn án kò gbé ìbọn? Ta ló ń wo kámẹ́rà? Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé kò kàn ọ́, ìwọ lo bá wọn gbé aṣọ wá.

Àwọn tó wá wòran ńkọ́? Rọ adájọ́ kí ó pàṣẹ pé kí ẹbí méjèèjì jókòó ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìlà àkọ́kọ́ ṣófo, kí wọ́n pa fóònù, kí ẹbí kan jáde tán kí èkejì tó dìde. Ìṣẹ́jú 15 tó. Tí ẹnì kan bá fi ìka ya ọrùn sí ọ láti orí àga, má kígbe, má nawọ́ sí i. Dìde, ní o fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀ níbi tí júrì kò ti ní gbọ́, kí olùpẹ̀jọ́ wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì wọ àkọsílẹ̀ ẹjọ́. Tí o bá pariwo rẹ̀ níwájú júrì, ó lè di pé ìgbẹ́jọ́ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n ka ìhàlẹ̀ náà sí oníbàárà rẹ lọ́rùn.

Ọjọ́ ìdájọ́ ló le jù, bó ṣe wù kó já sí. Kí ọkọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó kà á, kí ẹni tó máa sìn ọ́ jáde mọ̀ pé òun ni.

Ilé ẹjọ́ nìkan kọ́ o. Derk Wiersum, tó jẹ́ agbẹjọ́rò fún ẹlẹ́rìí ìjọba nínú ẹjọ́ ìpànìyàn Marengo, níwájú ilé rẹ̀ ní Amsterdam ní orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n ti yìnbọn pa á láàárọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019. Ìdí nìyí tí àdírẹ́sì ọ́fíìsì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà lórí gbogbo ìwé ẹjọ́, kì í ṣe ti ilé. Má jẹ́ kí aago tí o máa ń jáde dọ́gba lójoojúmọ́. Tí ọkọ̀ kan náà bá yọ sí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, má wakọ̀ lọ sílé, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí o gbà lọ. Sọ fún àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ pé ẹni méjì péré ló lè wá mú wọn, kí wọ́n mọ ojú àwọn méjèèjì. Má gbé àwòrán ibi tí o wà sórí ìkànnì títí ẹjọ́ fi máa parí.

Tó bá jẹ́ oníbàárà rẹ ló halẹ̀, bóyá mọ́ ìwọ tàbí mọ́ ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ àṣírí wọ̀ ọ́, torí agbẹjọ́rò kì í sábà tú ohun tí oníbàárà bá sọ fún un síta. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin iṣẹ́ wa gbà kí agbẹjọ́rò sọ ọ́ síta bó bá jẹ́ láti dènà ikú tàbí ìpalára ńlá, ibòmíì tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan. Ka èyí tó de ìwọ lónìí, má dúró di ọjọ́ tí o máa nílò rẹ̀. Pe àwọn tó ń rí sí ìwà agbẹjọ́rò nínú ẹgbẹ́, má dárúkọ oníbàárà, gba ìmọ̀ràn wọn. Tí o bá máa sọ ọ́, ìwọ̀nba tó lè dènà ewu náà ni kí o sọ.

Bí o bá fẹ́ yọwọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ adájọ́ kọjá, torí ẹ̀mí ẹlòmíì wà lọ́wọ́ rẹ. Ní Turin ní Ítálì, àwọn Brigate Rosse, ẹgbẹ́ agbébọn kan tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ wọn níbẹ̀, halẹ̀ mọ́ agbẹjọ́rò èyíkéyìí tó bá gbà láti gbèjà wọn. Fulvio Croce, olórí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ìlú náà, gbà á. Wọ́n pa á ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ọdún 1977, àwọn tí wọ́n pè láti jókòó gbọ́ ẹjọ́ sì yẹra, ó di 1978 kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Mi ò sọ èyí láti fi dá ẹ̀rù bà ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ohun tí àwọn tó ń halẹ̀ ń wá gan-an ni pé kí àga rẹ ṣófo, kí ẹjọ́ dúró.

Lọ wo yàrá náà lọ́jọ́ Ẹtì, kí o pè mí láti ibẹ̀. Sọ fún mi apá ibi tí wọ́n gbé tábìlì rẹ sí, iye ìṣísẹ̀ tó wà láti orí àga rẹ dé ẹnu ọ̀nà òṣìṣẹ́, àti orúkọ ọlọ́pàá tó gba lẹ́tà rẹ.

Ìyá rẹ