Ẹ Má Jẹ́ Kí Stoat Jẹ Erékùṣù Orkney Run

Sí Olóòtú,

Mo ń bẹ àwọn tó ń sọ pé owó tí wọ́n ń ná láti mú stoat kúrò ní Orkney ti pọ̀ jù: ẹ tún un rò. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹranko yìí ní àwọn erékùṣù náà, ní àríwá Scotland. Kò tóbi, ṣùgbọ́n apẹranjẹ gidi ni. Ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ àwọn ẹyẹ tó ń yé sórí ilẹ̀.

Ẹ wá wo eku Orkney. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ló gbé e wọ ọkọ̀ débẹ̀ ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn ní gbogbo Bìrìtéènì. Òun ni oúnjẹ òwìwí àti àwòdì ibẹ̀. Bí stoat bá jẹ ẹ́ tán, kí ni wọn yóò fi bọ́ ọmọ?

Láti 2019 ni wọ́n ti ń dẹ pàkúté, tí àwọn ajá tí wọ́n kọ́ sì ń fi imú tọpa rẹ̀. Iṣẹ́ náà le, torí stoat mọ omi í wẹ̀. Bí abo kan tó lóyún bá ṣẹ́ kù, wàhálà tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìjọba má dá owó náà dúró. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn fún pàkúté.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Aberdeen