Irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá àti òkè Ọya láàmú, owó àti àkókò tó ń ṣòfò lórí rẹ̀ kò sì kéré. Bí èèyàn bá ti dé ọ́fíìsì lọ́yà, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ta ni yóò kó ọmọ, ta ni yóò gba ilé. Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣáájú wọn, bí èèyàn bá sì ṣì í dáhùn, gbogbo ohun tó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lè já sí asán: irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe mẹ́ta pọ̀. Wọ́n á lọ sí rẹ́jísírì lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á ṣe ìdána lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí wọ́n so yìgì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ti rẹ́jísírì bá ti wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ti AMAC, ìjọba ìbílẹ̀ àárín Àbújá, tàbí ti ìjọba àpapọ̀, òun ni òfin yóò kọ́kọ́ wò. Hàìkóòtù nìkan ló lè tú u ká, lábẹ́ òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lé e lórí, kóòtù Ṣàríà náà kò ní, àwọn òbí kò sì lè jókòó ní pálọ̀ kí wọ́n tú u. Síbẹ̀, léraléra ni èèyàn ń mú ìwé kóòtù ìbílẹ̀ wá pé òun ti kọ ẹni tí òun fẹ́ ní rẹ́jísírì, torí pé ibẹ̀ yá, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ìwé yẹn kò tú nǹkan kan. Tọkọtaya ṣì ni wọ́n lójú òfin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn lọ́nà ìbílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni òfin ìgbéyàwó kọ sílẹ̀ fún un.

Ẹ yọ ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín síta, kí ẹ wò ó dáadáa. Èyí tí òfin mọ̀ ni wọ́n ń pè ní Form E: ó ní nọ́ńbà, ó ní orúkọ àti iṣẹ́ àwọn méjèèjì, orúkọ baba wọn, ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìbuwọ́lùwé ẹni tó so wọ́n pọ̀ àti ti ẹlẹ́rìí méjì. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ńsì ìjọba lè fún yín ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé aláràbarà tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì dé rẹ́jísírì rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdána tí ẹ ṣe nìkan ni ìgbéyàwó tí òfin mọ̀. Kóòtù mìíràn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ti rẹ́jísírì ni. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn tó ń gbé ní Lugbe kò nílò láti padà sí Ìbàdàn. Bí Nàìjíríà bá ti jẹ́ ilé rẹ̀, Hàìkóòtù Àbújá lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí ẹ tó pẹjọ́, àyàfi lórí àwọn ẹ̀sùn díẹ̀ bí àgbèrè tàbí kí ẹnì kejì kọ̀ jálẹ̀ láti bá èèyàn lò pọ̀ látìgbà ìgbéyàwó.

Ìdí kan ṣoṣo ni òfin mọ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn ohun tí òfin kà sílẹ̀ gbé e lẹ́sẹ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni àgbèrè tí èèyàn kò lè fara mọ́. Ìwà tí kò ṣeé bá gbé. Pé ẹnì kejì já èèyàn sílẹ̀ fún ọdún 1 gbáko títí di ìgbà tí wọ́n pẹjọ́. Pé wọn kò gbé pọ̀ mọ́ fún ọdún 2, tí ẹnì kejì kò sì tako ìtúká. Tàbí ọdún 3, yálà ó takò ó tàbí kò takò ó. Ẹ kíyè sí i pé “a ti jọ gbà pé kálukú máa lọ” kò sí nínú rẹ̀. Tọkọtaya tó fohùn ṣọ̀kan lónìí, tí wọ́n ṣì ń sùn nínú ilé kan náà, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, kò tíì ní ẹjọ́ ọdún 2. Bí wọ́n bá sì jọ pa irọ́ pọ̀ fún adájọ́ kó lè yá, ìyẹn gan-an ló ń fọ́ ẹjọ́. Ẹni tó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan ẹnì kejì, tó sì dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ṣe é, gbọ́dọ̀ pe onítọ̀hún mọ́ ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí tí wọ́n fi ń dárúkọ èèyàn.

Ìwé tí lọ́yà yóò kọ kì í ṣe lẹ́tà ẹ̀sùn lásán. Ọjọ́ tí ẹ ṣègbéyàwó yóò wà níbẹ̀, gbogbo ibi tí ẹ ti gbé pọ̀, ọjọ́ tí ẹ pín yà, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹjọ́ tó ti wáyé láàárín yín rí, àti ètò tí ẹ ní fún ilé, ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ ó fúnra yín búra sí àfídáfìtì pé òótọ́ ni. Lọ́yà náà yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun ti bá yín sọ̀rọ̀ ìlàjà. Ọjọ́ ìpínyà yẹn ló sábà ń mú ẹjọ́ wó: ẹni tó sọ ọdún 2022 nínú ìwé, tó wá sọ 2023 lẹ́nu níwájú adájọ́. Ẹ wá ìwé tó ti ọjọ́ náà lẹ́yìn, bí ìwé ilé tuntun tí ẹ rẹ́ǹtì tàbí ìwé tí wọ́n fi gbé yín lọ sí ìlú mìíràn níbi iṣẹ́.

Bélíìfù, ìyẹn ìránṣẹ́ kóòtù, gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́. Bó bá ń sá, adájọ́ lè gbà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Kódà bí kò bá yọjú rárá, ẹ ó ṣì wọ àpótí ẹlẹ́rìí. Kò sí ìdájọ́ ọ̀fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ibi tí àṣìṣe tó burú jù ti ń wáyé nìyí. Ìdájọ́ tí adájọ́ kọ́kọ́ kà, tí wọ́n ń pè ní decree nisi, kò tíì tú ìgbéyàwó ká. Oṣù 3 ni yóò kọjá kó tó di decree absolute, ìdájọ́ ìkẹyìn tó ń tú u ká. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ ti ní ìtẹ́lọ́rùn nípa ètò ìtọ́jú wọn ná. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó mìíràn láàárín oṣù 3 yìí, asán ni ìgbéyàwó náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú láàárín rẹ̀, opó ni ẹnì kejì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ti kọ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ nínú ogún.

Lórí ọmọ, àṣà wa sọ pé bàbá ló ni ín. Òfin kò bá a wí bẹ́ẹ̀. Ire ọmọ ni adájọ́ máa ń wò ṣáájú ohun gbogbo. Ọmọ kékeré sábà máa ń wà lọ́dọ̀ ìyá, àmọ́ kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yí. Àgbèrè nìkan kò sì gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù ni ẹ̀rí: rìsíìtì owó ilé-ìwé, káàdì ilé ìwòsàn, ẹni tó wà nílé tí ọmọ bá dé láti ilé-ìwé. Adájọ́ lè pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ títí dé ọdún 21. Ẹ béèrè iye kan pàtó lóṣooṣù, kí ẹ kọ bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀. “Kó máa tọ́jú wọn” kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ̀.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń gbóná jù. Òfin gbà fún adájọ́ láti ṣe ohun tó bá tọ́ lórí dúkìá, ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹnì kan bá wà lórí ìwé, ẹnì kejì ni yóò fi hàn pé òun dá owó sí i. Ní 1992, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gba ẹjọ́ ìyàwó kan tó ní òun bá ọkọ òun kọ́lé, torí pé kò lè ṣàlàyé ohun tó dá sí i àti bó ṣe pọ̀ tó. Ó ń dùn mí gidigidi, nítorí ìyàwó tó ń ra oúnjẹ, tó ń san owó ilé-ìwé fún ọdún mẹ́wàá kí owó oṣù ọkọ lè ráyè lọ sórí búlọ́ọ̀kù, owó tirẹ̀ náà ló kọ́lé yẹn. Àmọ́ títí òfin yóò fi yí padà, ẹ jẹ́ kí ìwé sọ ọ́. Bí ẹ bá ń dá owó ilé, ẹ fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì yín, kí ẹ kọ ohun tó wà fún sí i: “símẹ́ǹtì ilé Lugbe”, “páànù”. Ẹ tọ́jú rìsíìtì rọ́ọ̀dù àti àdéhùn tí ẹ bá káfíńtà ṣe. Èyí tó dára jù ni kí orúkọ méjèèjì wà lórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Àbújá, ẹ kọ́kọ́ wádìí ìwé náà ní AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kí ẹ tó na owó lọ́yà lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀sítéètì mìíràn kò ní ju lẹ́tà tí ẹni tó tà á fúnni lọ. Ìwé ilé Mararaba kò sí ní AGIS rárá, torí pé Nasarawa nibẹ̀. Niger sì ni Suleja. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kejì fẹ́ tà á, ẹ sáré gba àṣẹ ìdádúró lọ́wọ́ adájọ́.

Ẹni tó ṣe ìdána nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni tirẹ̀ ní Àbújá. Ní Kwara, eríà kóòtù. Bí wọ́n bá ní kí ìdílé ìyàwó dá owó orí padà, tí wọ́n sì ti dá a padà níbi ìdána gẹ́gẹ́ bí àwọn ìdílé wa kan ti ń ṣe, kí wọ́n mú ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ wá.

Fún ẹni tó so yìgì nìkan, kóòtù tó ń dájọ́ òfin Ìsìláàmù ni. Ọkọ tó kọ aya lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ṣì lè mú un padà kí ìdà rẹ̀, àkókò tó fi ń dúró kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn, tó parí: ṣíṣe nǹkan oṣù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oṣù 3 fún ẹni tí kì í ṣe é mọ́, títí dìgbà ìbímọ fún aláboyún. Láàárín àkókò yìí, ọkọ ló ń bọ́ ọ, òun ló sì ń pèsè ilé fún un. Ìyàwó tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ lè béèrè fún kúlù, ìyẹn ìkọ̀sílẹ̀ tí ìyàwó fúnra rẹ̀ béèrè, kó dá sàdáákì, owó tí ọkọ fi fẹ́ ẹ, padà. Àwọn bàbá tó ń fa ọmọ lọ lọ́jọ́ ìkọ̀sílẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé nínú ọ̀nà Màlíkì tí a ń tọ̀ nílẹ̀ yìí, ìyá ló ni ìtọ́jú ọmọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti ti ọmọbìnrin títí yóò fi wọlé ọkọ. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn tí kì í ṣe ìbátan ọmọ, ìyá ìyá ọmọ ló kàn. Owó oúnjẹ ṣì wà lọ́rùn bàbá.

Ẹ má ju ẹnikẹ́ni síta kí ẹjọ́ tó parí. Ní Àbújá, òfin VAPP ti 2015, tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti lé ọkọ tàbí aya jáde nílé tipátipá, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì tó ọdún 2. Tí ìjà kò bá tíì le, Abuja Multi-Door Courthouse, ibi ìlàjà tó wà lábẹ́ kóòtù, lè bá yín là á lórí ọmọ àti dúkìá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ nìkan ló lè tú ìgbéyàwó rẹ́jísírì fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ lè lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Nígbà tí ìwé ìkẹyìn bá sì jáde, ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, ó kéré tán mẹ́ta, torí pé rẹ́jísírì yóò béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó tún so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹjọ́rò kan ní Kubwa, Àbújá